Sípíkà Tí Kò Ní Jí Ìbejì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́

Ẹsẹ̀ ń ro mí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo wọ bọ́ọ̀sì Mile 2 ní Ojúẹlẹ́gbà, ó sì ti kọjá aago mẹ́ta ọ̀sán kí n tó ti Alábà dé, tèmi ti sípíkà kan ṣoṣo tí mo gbá mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ìyá tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé mílíìkì ni.

Ọ̀rọ̀ ìbejì ló fà á. Láti ìgbà tí Ìyá Ìbejì ìsàlẹ̀ ti bímọ ni gìtá mi ti di ẹjọ́. Kò bá mi jà o. Ó kàn gòkè wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, Táíwò náà ti ń tòògbé." Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo yí ohùn áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, wálẹ̀, àfi bíi pé mo pa gìtá náà. Okùn tínrín ń dún bí ẹni fi ìborùn bò ó, okùn nípọn ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan.

Kì í ṣe ẹ̀bi áńpù nìkan. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Fletcher àti Munson, ti fi hàn láti 1933 pé bí ohùn bá ti ń lọ sílẹ̀, etí wa kì í gbọ́ èyí tó nípọn dáadáa mọ́, èyí tó tín-ín-rín náà á sì máa dín kù, ohùn àárín ló ń ṣẹ́kù. Àwọn onírọ́ọ̀kì ló sì ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí mo kà lórí bí èèyàn ṣe ń ta gìtá jẹ́jẹ́: bí ohùn ṣe máa ha, tí ò ní pariwo. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Jùjú ni mò ń ta. Mo fẹ́ kó mọ́ gaara, kí okùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, kódà bó bá ṣe pé èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Kí n kúkú jẹ́wọ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, èkúté jẹ bébà sípíkà tó bá áńpù náà wá. Mo ń ṣọ́ owó, mo bá ra wúfà mọ́tò, sípíkà báàsì tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀, ìnṣì 10, sí i. Ó wúwo, ó dára lójú, rọ́bà dúdú yí i ká. Wúfà mọ́tò ò lóhùn òkè, bébà ẹ̀ ki, agbára tó pọ̀ ló sì ń gbà kó tó mira. Óòmù, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, 4 ni tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ 8 ni wọ́n kọ sẹ́yìn áńpù. Iná tó ń fà jáde ti pọ̀ jù, abájọ tí irin ẹ̀yìn áńpù fi ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí mo bá ti ta á tó wákàtí kan. Mò ń rí i, mò ń dákẹ́.

Ní Alábà, wọ́ọ̀tì ni gbogbo wọn ń polówó. "Ọ̀gá mi, ẹ wo èyí, wọ́ọ̀tì 1,000!" Wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sára sípíkà, ohun tó lè gbà kó tó jóná ni, kì í ṣe bó ṣe ń ké tó. Ẹ wo sípíkà gìtá méjì tí ilé iṣẹ́ Celestion ń ṣe: Greenback, wọ́ọ̀tì 25 ló ń gbà; Vintage 30 tiwọn náà ń gbà 60. Ẹ wá fún kálukú wọn ní wọ́ọ̀tì kan péré, kí ẹ dúró ní mítà kan sí i: 98 dB, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, ni Greenback ń ké, èkejì 100. Nọ́ńbà yẹn ni mo ń béèrè tí wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń sọ èdè Ṣáínà. Bí sípíkà kan bá fi 3 dB rẹlẹ̀ sí èkejì, bí ẹni gé agbára áńpù sí méjì ló rí, síbẹ̀ ó tó bíi 10 dB kí etí tó gbà pé ariwo ti dín sí ìlàjì. Ìyẹn ni pé sípíkà kọ́ ló máa bá mi pa ariwo. Kókó tí wọ́n ń yí lára áńpù ni mo máa fi ṣe ìyẹn. Nítorí ohùn ni mo ṣe ń wá sípíkà.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tú áńpù tòkunbọ̀ ni mo ti rí i, lábẹ́ òkìtì páálí. Sípíkà gìtá gan-an, ìnṣì 10, bébà ẹ̀ fẹ́lẹ́, eruku ti bo ojú ẹ̀, orúkọ ti pa rẹ́ lẹ́yìn, "8" nìkan ló ṣẹ́kù. Mo fi tẹ́sítà mi wọn óòmù ẹ̀: 6.5. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ní, "Ọ̀gá, mẹ́jọ ni wọ́n kọ o!" Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, iná bátìrì ni tẹ́sítà fi ń wọ̀n ọ́n, ó gbọ́dọ̀ dín díẹ̀. Mo fi ìka mẹ́rin rọra tẹ bébà náà wọlé, mo gbé etí lé e. Bí wáyà inú ẹ̀ bá ti wọ́, á máa ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí èkúté tó ń họ páálí. Kò ha. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa.

Bàbá pè é ní ₦60,000, a ná an títí ó fi já sí ₦38,000. Vintage 30 kan wà níbẹ̀ tó ń dán yinrin, ọkàn mi sì fà sí i, ṣùgbọ́n ìnṣì 12 ni, ihò àpótí mi ò gbà á. Mo yáa kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo jó wáyà mọ́ ọn tán, mo yí kókó ohùn sí ìdajì 1. Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnì: "Ṣé ẹ ti ń ta á ni?" Mo ti ń ta á. Okùn tínrín jáde ketekete. Ti ìsàlẹ̀ ò tíì pé, mo gbé kókó báàsì láti 5 sí 7, mo sún àpótí mọ́ igun ògiri kí ògiri bá mi gbé e díẹ̀, mo wá fi fóòmù àlòkù sábẹ́ ẹ̀ kó má baà gba inú pákó lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi máa fa okùn kan ṣáá, mo sọ̀kalẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìbejì bí olè. Fáànù wọn nìkan ni mo gbọ́.

Ohun kan ṣì ń dún gírígírí bí mo bá ti fa okùn tó nípọn jù. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, skúrù mẹ́rin ló yẹ kó di sípíkà náà mú, mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Àfàìmọ̀ ni ìkẹrin ò bọ́ sínú bọ́ọ̀sì Mile 2.