Nígbà tí mo di pẹ́ńtà

Nǹkan mẹ́ta ni ìyàwó mi kìlọ̀ fún mi kó tó jáde lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Jímọ̀ náà. Ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn láìwẹ̀. Ó ní kí n máa yẹ gáàsì wò kí n tó lọ sùn. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wojú mi dáadáa, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé yìí títí n ó fi dé."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọkọ̀ tó wọ̀ kò tíì kọjá Mọ́níyà tí mo ti mú téèpù, tí mo ń wọn ògiri.

Yàrá àwọn ọmọ ni. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 10 lọ, ọmọ mẹ́ta ló sì ń sùn síbẹ̀. Àjọkẹ́ ti pé ọmọ ọdún 11, ó ti ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọ yàrá tiwa, ó sì ń retí pé kí àwa náà máa kan tirẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún 7, àwọn ò tíì gbọ́ pé ohun kan ń jẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí a kó débẹ̀ ní 2016, kírímù ni wọ́n pe àwọ̀ ògiri yẹn. Ní báyìí, òróró irun Àjọkẹ́ ti ya òṣùpá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn tí wọ́n fi sálúbàtà pa tò káàkiri bí ìràwọ̀, àwọn ìbejì sì ti fi kiréyọ̀nù ya òpó gòólù sí ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí i ní tòótọ́ pẹ̀lú. Ipa bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ má rò pé mo kórìíra oníṣẹ́ ọwọ́ o. Mo kọ́kọ́ pe pẹ́ńtà àdúgbò wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó wọlé, ó fi ìka kan ògiri kó-kó-kó, ó tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń dífá, ó pòṣé. Ó ní òun á kọ́kọ́ ha á, òun á fi simẹ́ńtì funfun dán an, òun á wá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀, ₦85,000.

Mo ní, "Ọ̀gá mi, yàrá ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi kùn, n ò ní kẹ́ ẹ bá mi kọ́ òmíràn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú kùn ún fúnra yín."

Ẹ̀fẹ̀ ló ń fi mí ṣe. Èmi ní tèmi, mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn. ₦30,000 ló wà lọ́wọ́ mi, ₦5,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó iná tí n kò tíì san.

Mo pe àwọn ọmọ jọ ní alẹ́ Jímọ̀, mo ní kí oníkálukú sọ àwọ̀ tó fẹ́. Àṣìṣe gbáà nìyẹn. Bàbá tó bá gbọ́n, á ra ọ̀dà wálé ni, á ní ẹ̀yí ni wọ́n ń tà. Chelsea ni Táyé ń ṣe, ó ní búlúù ni, bí kò bá ti jẹ́ búlúù òun á máa sùn ní pálọ̀. Arsenal ni Kẹ́hìndé, ó ní pupa. Àjọkẹ́ ní òun ò mọ ohun tó kan òun kan bọ́ọ̀lù, elése àlùkò ni òun fẹ́. Kí n tó jókòó dáadáa, ìbejì ti di ara wọn lọ́rùn mú.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo rántí ohun tí tíṣà iṣẹ́ ọnà kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́: bí wọ́n bá da búlúù pọ̀ mọ́ pupa, elése àlùkò ló ń bí. Mo fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ìjà ti parí! Chelsea á wà nínú ẹ̀, Arsenal á wà nínú ẹ̀, Àjọkẹ́ ló sì máa ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n wojú ara wọn. Táyé bi mí pé ta ni tirẹ̀ máa pọ̀ jù. Mo ní ọgbọọgba ni. Kẹ́hìndé ronú sí i, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n Arsenal ni kí n kọ́kọ́ dà.

Mo sùn lóru ọjọ́ náà bí ọba Sólómọ́nì.

Láàárọ̀ Sátidé mo gba ìsọ̀ ọlọ́dà lọ. Mo ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà olómi funfun méjì, onílítà mẹ́rin-mẹ́rin, irú èyí tí wọn ò kọ orúkọ kankan sí lára ju "Emulsion" lọ. Mo ra rólà, bọ́rọ́ọ̀ṣì kan, àti sáńpépà. Ó wá ku tínǹtà, ìyẹn aró inú ìgò kékeré tí wọ́n fi ń yí àwọ̀ ọ̀dà funfun padà. Ti búlúù kò lẹ́jọ́. Ti pupa ló di méjì: ọ̀kan pọ́n bí ata rodo, ó wọ́n, wọ́n ń pe èkejì ní oxide, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Mo bi ọmọ tó ń ta ọjà bóyá pupa náà ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pupa náà ni."

Kò parọ́ fún mi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀nà oko náà, pupa ni.

Nígbà tí mo sanwó tán, ó fi ìgò tínǹtà yẹ́lò kan tó ti lò dé ìdajì ṣe ènì fún mi. Ọmọ dáadáa ni, mo sì súre fún un. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti dá ènì yẹn padà lójú ẹsẹ̀.

Mo rò pé wákàtí kan á tó láti kó ẹrù jáde nínú yàrá. Ta ló mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta lè kó tó yẹn pamọ́? Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan, mo bá ṣíbí mẹ́fà, ẹ̀yìn rìmóòtù tí a ti wá láti Kérésì, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ní olùkọ́ ló sọ ọ́ nù, àti bàtà mi ẹsẹ̀ òsì tí mo ti tìtorí ẹ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀kò. Nígbà tí a ti wọ́dúróòbù kúrò, mo rí i tí ẹnì kan fi kiréyọ̀nù kọ KEHINDE OLE sára ògiri gàdàgbà. Ọwọ́ Táyé ni, mo mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n má baà mú òun, ó ti buwọ́ lù ú nísàlẹ̀: EMI KEHINDE NI MO KO O. Kẹ́hìndé ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn, mo sì sọ fún ara mi pé ọ̀dà á bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ha ibi tí ojú mi tó. Ibi tó ga, mo ṣàánú rẹ̀. Ìgbà tí màá fi ṣí ọ̀dà, agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Mo wá ohun tí màá fi rò ó, n kò rí, mo wọ kíṣìnnì, mo rí ọmọ orógùn ìyàwó mi tó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo wò ó. Òun náà wò mí. Mo ní màá fọ̀ ọ́ kí ó tó dé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Gbogbo ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kó jọ sínú báàfù ìfọṣọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo da funfun sí i, mo fi omi díẹ̀ là á kí ó lè pọ̀. Mo kán pupa sí i ṣíwájú nítorí ìlérí tí mo ṣe fún Kẹ́hìndé, mo kán búlúù lé e. Mo fi ọmọ orógùn rò ó. Bí mo ṣe ní kí n wo ohun tó dà, NEPA mú iná lọ.

Mo tan àtùpà kan, èyí tí iná rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn ibà. Nǹkan inú báàfù jọ eérú. Mo da búlúù kún un, ó jọ eérú tí òjò pa. Mo da ìyókù pupa sí i, ó tún ṣú. Mo ní ó nílò ohun tó máa là á lójú, mo rántí ènì mi, mo da yẹ́lò náà sí i tán porogodo. Mo rò ó títí apá fi ro mí. Mo gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Àlùkò ni mo rí. Mo fi Ọlọ́run búra, lábẹ́ iná yẹn, àlùkò ni mo rí.

Mo kùn títí di aago 1 òru. Àwọn ọmọ ti sùn ní pálọ̀. N kò kùn rí láyé mi, ṣùgbọ́n rólà ní orin kan tó ń kọ lára ògiri, sùà, sùà, ó dùn mọ́ ènìyàn. Mo tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dà tán sí ibi ìgbẹ̀yìn gan-an bí ẹni pé a ti bá ara wa sọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀, ọ̀dà ní irun, ọ̀dà ní etí, mo ń ronú nípa ẹ̀rín pẹ́ńtà yẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ọ̀dà olómi máa ń dúdú sí i bó bá gbẹ.

Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ jí láàárọ̀ Àìkú. Oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń retí kí ó fò mọ́ mi. Ó lọ bá ògiri, ó fi ìka kan án, ó gbé ìka náà símú.

"Dádì, àmàlà ni?"

Mo fẹ́ bá a wí, ọ̀rọ̀ kò jáde. Òótọ́ ni. Kì í ṣe láfún o, àmàlà èlùbọ́ iṣu gidi ni, tí wọ́n rò ní ìròkúnná, tó ń dán. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táyé dé, ó wò ó yíká, ó ní, "Arsenal ló bà á jẹ́." Àjọkẹ́ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn padà sí pálọ̀, ó fi aṣọ bo orí.

Kò tán síbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìda, bíi ti àbẹ́là, ni kiréyọ̀nù, omi kì í sì í dúró lára rẹ̀? Gbogbo ibi tí wọ́n ti fi í ya nǹkan ló kọ ọ̀dà. Òpó gòólù yọ sí ògiri ìwọ̀-oòrùn. Ní ògiri tí wọ́dúróòbù ti kúrò níwájú rẹ̀, KEHINDE OLE ń tàn nínú àmàlà bí pátákó ìpolówó. Kẹ́hìndé kà á. Ó ka ìbuwọ́lù ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí Táyé díẹ̀díẹ̀.

A pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ìbejì dé ní nǹkan bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ òde lórí. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa, mo ní kó kọ́kọ́ sinmi. Ẹni tí mo fẹ́ láti ọdún 13 sẹ́yìn ni, kò sinmi. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó padà síbi kúlà, ó mú àmàlà kan jáde nínú ọ̀rá, ó lọ gbé e ti ògiri, ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo àmàlà, ó ń wo ògiri.

Ó ní, "Tiyín tiẹ̀ kúnná jù."

Ẹ̀rín ló pa á dé orí ìjókòó. Ó rín, ó nu ojú, ó tún rí mi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ló bá wọ kíṣìnnì lọ gbé omi kaná. Ẹ̀rín dúró lójijì.

"Bàbá Ìbejì. Kí ló ṣe ọmọ orógùn mi?"

Ẹ jẹ́ kí n fo alẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Tuesday ó mú ìró àdìrẹ méjì tó ti gbó jáde nínú àpótí, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ rán wọn di kọ́tìnnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kò náwó kankan ju ti òwú lọ. Wọ́dúróòbù padà sí ipò rẹ̀ láti bo ẹ̀sùn olè mọ́lẹ̀. Mo wọlé bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo rí aró lára àmàlà, mo dúró. Kò burú. Kò tiẹ̀ burú rárá. Àjọkẹ́ pàápàá ti bọ́ aṣọ kúrò lórí.

Pẹ́ńtà àdúgbò dé ní ọjọ́ kejì. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un, mo sì mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún 7 ni onítọ̀hún. Ó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ẹnu géètì. Ó wọ yàrá, ó fi ìka kan ògiri kó-kó-kó, ó dákẹ́. Ó yọ fóònù, ó yàwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n, Alhaja kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Akóbọ̀ ti fẹ́ fi àwọ̀ yìí yọ mí lẹ́mìí. Wọ́n fi àwòrán ẹ̀ hàn mí lórí fóònù wọn, mo ti pò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n ní kì í ṣe òun. Òun nìyí gan-an! Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe pò ó?"

Mo gbọ́ bí ariwo àwo ṣe dá ní kíṣìnnì. Mo fa ṣòkòtò mi sókè, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Àjọkẹ́, mo ká ẹsẹ̀ lé ara wọn.

Mo ní, "Ẹ mú bírò. Ohun àkọ́kọ́ ni pé NEPA gbọ́dọ̀ ti mú iná lọ."