Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni mo ní, àṣé èmi nìkan ni

Ọdún tí bàbá àgbà mi, bàbá tó bí bàbá mi, kú ni mo tó rántí pé ó yẹ kí n bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà tí wọ́n wà láyé, wọ́n ń sọ̀rọ̀, àwa ń tẹ fóònù. Ìgbà tí ẹnu dákẹ́ tán ni etí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ohun kan ṣoṣo tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó mi ni òkúta orí sàréè wọn. Wọ́n gbẹ́ ọdún ìbí sí i: 1921. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi bí ọdún kan àtààbọ̀ kó orúkọ jọ lẹ́nu ẹni yìí àti ẹni yẹn, mo wá ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan tí kò ju ojú ewé 24 lọ, mo pín in nígbà tí ẹbí pé jọ. Mo tún gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó wà lókè òkun lè rí i. Wọ́n yìn mí gan-an. Àwọn kan ń pè mí ní akọ̀wé ìdílé, orí mi sì wú.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tú àpótí ìyá rẹ̀, ó bá ìwé ìrìbọmi bàbá àgbà níbẹ̀. 1917 ló wà nínú rẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ní irọ́ ni. Mo bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti lọ wá ohun tí màá fi pa á lẹ́nu mọ́, mo sì rí i: ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta tí n kò mọ̀ rí, 1921 ni gbogbo wọn kọ. Mo ti ń kọ èsì lọ, mo ti kọ "ẹ̀rí mẹ́ta sí ẹyọ kan", kí n tó ṣàkíyèsí pé orúkọ ìyá bàbá àgbà fo lẹ́tà kan níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́tà kan náà. Èmi ni mo fo lẹ́tà yẹn, lójú ewé kẹta ìwé pẹlẹbẹ mi. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti dà á kọ. Àwọn ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ pè jáde, ẹnu tèmi ni gbogbo wọn ń fi sọ̀rọ̀.

Mo pa èsì yẹn rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìtàn ìdílé rẹ̀ kò ju èyí lọ: bí o bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kọ ibi tí o ti rí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, ó lé lọ́dún méje tí n kò fi ṣe é.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ni àpótí náà, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Àgbà, mo bi wọ́n bí 1921 ṣe dé orí òkúta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní agbẹ́kùúta ń dúró, kò sẹ́ni tó ráyè wá ìwé kiri, àbúrò wọn kan ló fa ìwé iṣẹ́ olóògbé yọ, tó ka ohun tó bá níbẹ̀ fún un. Bàbá àgbà fúnra wọn ló sì fún iléeṣẹ́ ní 1921 nígbà tí wọ́n ń wáṣẹ́, torí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọjọ́ orí àwọn ti pọ̀ jù fún ipò tí àwọn ń wá. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n gé sọnù. Ó sì dà bí ẹni pé wọn kò rí ìdí tí wọn ó fi padà lọ gbé e.

Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń bi ìwé. Ta ló sọ ọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀? Kí ló máa rí gbà bó bá parọ́? Òkúta orí sàréè ṣeé gbára lé díẹ̀ lórí ọjọ́ ikú, torí ikú yẹn ṣojú àwọn tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ ìbí ńkọ́, àgbọ́sọ ni lọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀rí ikú. Òkú kọ́ ló ń kọ ọ́. Orúkọ ìyá olóògbé tí ẹ bá kà níbẹ̀, ọmọ tàbí ìyàwó tí ojú rẹ̀ ṣì wú fún ẹkún ló sọ ọ́, ó sì lè máà fojú kan ìyá náà rí. Ìwé ìrìbọmi gan-an ní ìṣòro tirẹ̀: ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí, ọmọ mìíràn ti ń sáré kiri kí wọ́n tó gbé e lọ. Ti bàbá àgbà kọ ọjọ́ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á.

Àbúrò kan wà fún bàbá tó bí bàbá àgbà, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, kò sì padà. Mo wá a títí nínú ìwé ìkànìyàn wọn. Láti 1790 ni wọ́n ti ń ka ènìyàn níbẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọdún 72 ni wọ́n fi ń ti ojú ewé tó ní orúkọ mọ́lé kí aráyé tó rí i. Ti 1940 jáde ní 2012, ti 1950 ní 2022. Nínú ti 1940 ni mo ti bá a, ó ń háyà yàrá nílé obìnrin kan. Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ fún un fi ọdún mọ́kànlá dín sí èyí tí a mọ̀ nílé, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀ pé ẹlòmíràn ni. Ìgbà tó yá ni mo kà pé lọ́dún 1940 yẹn, wọ́n ní kí akànìyàn fi àmì X tí a fi òbìrí yí ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó dáhùn ìbéèrè nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Mo sáré padà lọ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ onílé ni àmì wà. Obìnrin tó gbà á sílé ló fojú wọn ọjọ́ orí rẹ̀ fún ìjọba! Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn nínú gbogbo ìwé tí mo ti yẹ̀ wò tó àmì kékeré yẹn. Ì bá wu mí kí gbogbo ìwé ayé ní irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kan náà ló fọ́ ìtàn kan tí a ti ń sọ nílé tipẹ́, pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ellis Island, erékùṣù ní èbúté New York tí àwọn tó ń ṣí wá sí Amẹ́ríkà ń gbà wọlé, ni kò lè pe orúkọ rẹ̀, tí wọ́n wá fún un ní tuntun. Àìmọye ìdílé káàkiri ayé ló ń sọ irú ìtàn yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbàlejò láti 1892 títí di 1954, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í fún ènìyàn lórúkọ. Ìwé orúkọ èrò tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀ láti èbúté tí èrò ti wọkọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ èrò wò. Nínú ìwé ọkọ̀ tirẹ̀, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló wà níbẹ̀ gbagada. Òun fúnra rẹ̀ ló yí i padà nígbà tó yá. N kò mọ ìdí, n kò sì ní hùmọ̀ rẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tí ìwé kò tilẹ̀ ní sí. Iná tó jó ní Washington lọ́dún 1921 ló ba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìkànìyàn 1890 jẹ́, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ilé tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Ireland pa mọ́ sí jó ní Dublin nínú ogun abẹ́lé. Torí náà, ẹni tó bá ń ṣàròyé pé ìdílé òun kò ní ìwé, òun nìkan kọ́. Ẹnu ló kù.

Ẹnu náà ní pàkúté tirẹ̀, pàápàá lédè wa. Ọdún méjì ni ọkùnrin kan fi wà nínú àtẹ ìran wa tí kò wá sáyé rí. Àǹtí Àgbà ló sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tọ́ mi, ó le koko bí ojú ẹja." Líle yẹn ló tàn mí, mo kọ ọkùnrin. Obìnrin ni! Yorùbá kì í pe "ó" ọkùnrin yàtọ̀ sí "ó" obìnrin, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, èmi ni n kò béèrè. Ọ̀rọ̀ "bàbá" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan lè ní bàbá márùn-ún nínú ìtàn kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ pé ọ̀kan péré ló bí i. Ní báyìí, mo máa ń béèrè tààrà: ṣé bàbá tó bí yín lọ́mọ ni, àbí àbúrò wọn? Ọmọ ìyá ni wọ́n, àbí ọmọ bàbá? Ó máa ń bí àwọn àgbà kan nínú. Àbúrò bàbá àgbà kan sọ fún mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá ni bàbá ń jẹ́, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé pé inú ìwé ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí kí àwọn ọmọ ọmọ wọn má baà ṣì wọ́n mú. Wọ́n dáhùn. Wọ́n sì fi orúkọ méjì kún un tí n kò gbọ́ rí.

Ẹ má máa bi wọ́n ní "ọdún wo?" Ìbéèrè yẹn máa ń ti ènìyàn lẹ́nu. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn nígbà náà, ṣé wọ́n ti wà nílé ọkọ, ta ló ṣì wà láyé. Ẹ fi fọ́tò àtijọ́ lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ló ṣòro jù fún mi. Nígbà kan, Àǹtí Àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ, mo já lù wọ́n láti tún orúkọ kan ṣe. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "O ti mọ̀ ọ́n, kí lo tún ń bi mí sí?" Wọ́n dìde. Ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó tún jókòó bá mi sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n bá a dé lọ́jọ́ yẹn, wọn kò padà síbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ tọrọ àyè ná, ẹ sọ ọjọ́ àti orúkọ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ dà á sí ibi mẹ́ta kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohùn wákàtí méjì ló bá fóònù mi lọ lọ́wọ́ olè.

Àyẹ̀wò DNA, ohun àjogúnbá tó wà nínú ara wa? Mo ṣe é. Ó wúlò, kì í ṣe aríran. Ẹni tó bá bá ọ pín nǹkan bí ìdá 25 nínú 100, ó lè jẹ́ bàbá àgbà rẹ, ó lè jẹ́ ọmọ ìyá bàbá rẹ, ó lè jẹ́ ẹni tí òbí kan ṣoṣo pa yín pọ̀. Nọ́ńbà kan náà ni. Ìwé àti ẹnu ló máa sọ èyí tó jẹ́, ó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n ti fi bò láti ọdún pípẹ́.

Èyí rán mi létí àṣìṣe tó dùn mí jù. Nínú ìwé pẹlẹbẹ yẹn náà, mo tẹ ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìbí àkọ́bí wọn. N kò sọ nǹkan kan, ẹni tó bá mọ ìṣirò ló parí rẹ̀. Àkọ́bí náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò kí mi fún ọdún kan. Òótọ́ ni mo kọ, ìwé sì wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ kì í ṣe ìtàn mi ni mo fi tọrẹ. Ní báyìí, n kì í gbé ẹni tó wà láyé síta rárá, mo sì máa ń fi ojú ewé han ẹni tó bá kàn kí ẹlòmíràn tó rí i. Ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì náà wà níbẹ̀: orúkọ tí ìyá ènìyàn ń jẹ́ kó tó relé ọkọ wà lára ohun tí báǹkì mìíràn fi ń dá oníbàárà mọ̀.

N kò tẹ ìwé olójú ewé púpọ̀ mọ́. Fọ́tò kan ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí, màá kọ orúkọ tí mo mọ̀, màá fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí n kò mọ̀. Ẹni tí kò dáhùn rí ní gbogbo ọdún tí mo ń béèrè, bó bá ti rí àyè òfìfo báyìí, tàbí tó rí i pé mo ṣi ẹnì kan pè, kò ní lè sùn.

Mo kọ̀wé sí àwọn mẹ́ta tó da iṣẹ́ mi kọ. Méjì tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀kẹta kò tíì fèsì, 1921 ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí mo fò. Mo bi Àǹtí Àgbà bóyá kí a tún òkúta gbẹ́. Wọ́n ní ká fi í sílẹ̀, bàbá àwọn ló fẹnu ara wọn yan ọdún yẹn, ó sì gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé. Nínú ìwé mi, ohun tó wà lábẹ́ orúkọ wọn nìyí: 1917, ìwé ìrìbọmi, àpótí Àǹtí Àgbà. 1921, òkúta orí sàréè, láti inú ìwé iṣẹ́, láti ẹnu bàbá àgbà.