Òróró ólífì: ohun tó yẹ kí á wò lára ìgò kí á tó sanwó

Bí oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáànì bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ìlọrin, ìgò òróró ólífì a máa pọ̀ sí i lórí pẹpẹ àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì, láti ojú ọ̀nà Táíwò títí dé GRA. Ẹni tó wá ra dàbínù a fi ìgò kan kún un, nítorí pé sàítúùnù, ìyẹn ólífì, wà lára ohun tí Ọlọ́run fi búra nínú Àlùkùráánì. Kìrìsìtẹ́nì ń rà á fún àdúrà, ìyálọ́mọ ń rà á fún ara ọmọ tuntun, àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ ọ̀rá fún sì ń rà á fún oúnjẹ. Èyí tí a fẹ́ jẹ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún òróró yìí jáde lára èso ni adùn rẹ̀ ti ń dín kù, nítorí náà ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ nípa ìgò kan kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á, bí kò ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ipò tí òróró náà wà ni a óò kọ́kọ́ kà. International Olive Council, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959 tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Madrid, ti là á kalẹ̀ pé òróró tí a bá pè ní Extra Virgin gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ẹ̀rọ nìkan fún láìlo kẹ́míkà, tí ásíìdì inú rẹ̀ kò ju ìdá 0.8 nínú 100 lọ, tí àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ títọ́ òróró wò kò sì rí àbùkù kankan nínú adùn àti òórùn rẹ̀. Ti Virgin lásán lè dé ìdá 2. Èyí tí wọ́n kọ Olive Oil nìkan sí lára, tàbí Pure, jẹ́ òróró tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó fi díẹ̀ nínú ti Virgin lù ú; kò burú fún dídín nǹkan, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó Extra Virgin lé e lórí. Pomace ni ti ìsàlẹ̀ pátápátá, láti inú pàǹtí èso tí a ti fún tán ni wọ́n ti ń fi kẹ́míkà fa á jáde. Ní ti Light, àwọ̀ àti adùn rẹ̀ ni ó fúyẹ́, kì í ṣe ọ̀rá inú rẹ̀: ṣíbí ìjẹun ńlá kan èyíkéyìí nínú gbogbo wọn ní nǹkan bí kálórì 120.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wá kàn báyìí. Ọjọ́ ìparí tí wọ́n kọ sára ìgò, ọwọ́ ẹni tó rọ òróró náà sínú rẹ̀ ló wà, ó sì sábà máa ń jẹ́ oṣù 18 sí ọdún 2 lẹ́yìn tí ó rọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òróró náà lè ti wà nínú táǹkì fún ìgbà pípẹ́ ṣáájú. Ọdún ìkórè ló ń sọ òtítọ́. Ní àyíká òkun Mẹditaréníà, láti October sí January ni wọ́n ń kórè jù lọ. Ẹ wá fi oṣù tó lò lórí omi dé Èkó, àti ìrìn ọkọ̀ akẹ́rù dé Ìlọrin, kún un. Bí kò bá sí ọdún ìkórè lára ìgò, ẹ mú èyí tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ jìnnà jù lọ, ẹ sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn pẹpẹ, nítorí pé iwájú ni àwọn olùtajà ń to èyí tó ti pẹ́ sí.

Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ni ọ̀tá tó le jù, pàápàá ní ìlú tí oòrùn oṣù March kì í fi ojú fo ẹnikẹ́ni. Alhájà àgbà kan dúró tì mí nídìí pẹpẹ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó gbé ìgò kan tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara sókè, ó ní, “Ọmọ mi, wo bí àwọ̀ eléyìí ṣe dára.” Mo ní, “Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ yín gbé e dáadáa, ẹ wo bó ṣe gbóná.” Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ńlá tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé ni ó ti wà. Wọ́n dá a padà, wọ́n sì mú èyí tó wà nínú agolo. Gíláàsì dúdú tàbí agolo ni kí á máa yàn, kí á má sì jẹ́ kí àwọ̀ tàn wá: ife aláwọ̀ búlúù ni àwọn atọ́wò òróró ń lò kí wọ́n má baà rí àwọ̀ rẹ̀ rárá.

Ibi tí ó ti wá náà ṣe pàtàkì. Sípéènì ni ó ń ṣe òróró ólífì jù lọ ní àgbáyé, ìgò tí wọ́n sì kọ “Packed in Italy” sí lè jẹ́ òróró Sípéènì, Gíríìsì àti Tùnísíà tí a pò pọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ìgò tó dárúkọ orílẹ̀-èdè kan, tàbí àgbègbè kan pàápàá, ti fi ara rẹ̀ hàn ju èyí tó kàn ya àsíá sí ara. Kí nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n dà sínú ike tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, bó ti wù kí olówó rẹ̀ búra tó, mi ò ní fi ọwọ́ kàn án: ní 1981, òróró rapeseed tí a ti po kẹ́míkà mọ́ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ ni àwọn kan tà nínú irú ike bẹ́ẹ̀ ní Sípéènì gẹ́gẹ́ bí òróró ólífì, àwọn tó ṣàìsàn lé ní 20,000, àwọn tó kú sì ju 300 lọ.

Bí ẹ bá délé, ẹ tọ́ díẹ̀ wò láìfi búrẹ́dì sí i. Bí ó bá korò díẹ̀, tí ó sì ta yín lọ́nà ọ̀fun débi pé ẹ wúkọ́, ẹ má dá a padà fún ẹni tó tà á, nítorí pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oleocanthal nínú òróró tuntun ni ń ta ọ̀fun bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ẹ̀pà tó ti kan, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Àwọn kan ń gbé e sínú fíríìjì láti wò ó bóyá yóò dì, àyẹ̀wò yẹn kò fi nǹkan kan hàn. Ilé tó jẹ́ pé orí sàláàdì àti ẹ̀wà nìkan ni wọ́n ti ń lò ó kò nílò ìgò lítà kan. Ti mílílítà 250 tó, kí wọ́n dé e dáadáa, kí wọ́n gbé e jìnnà sí gáàsì ìdáná, kí wọ́n sì gbìyànjú láti lò ó tán láàárín oṣù kan sí méjì tí wọ́n bá ti ṣí i.