JMeter àti PostgreSQL: kọnẹ́ṣọ̀n ti wọlé, ìdúró ló kù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀, ìyẹn bí mo ṣe ń fi JMeter (irinṣẹ́ tó ń ṣe bí èrò púpọ̀ láti dán nǹkan wò) wo bí PostgreSQL, dátábéèsì ápù àkójọ ìwé, ṣe lè gba èrò tó, ó ti sún síwájú o. Jar ti driver PostgreSQL (fáìlì tí JMeter fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) ti wà nínú lib, fódà kan nínú JMeter, inú lib gan-an o, kì í ṣe lib/ext, àwọn plugin ló ni ìyẹn. Mo pa JMeter, mo tún un ṣí, "No suitable driver" bá tiẹ̀ lọ. Variable Name bára mu nínú Connection Configuration àti nínú JDBC Request (èyí tó ń rán query, ìyẹn ìbéèrè, sí dátábéèsì), Validation Query, èyí tó ń wò bóyá kọnẹ́ṣọ̀n ṣì dára, sì wà ní select 1. Ẹni tó bá ń lo Oracle, select 1 from dual ni tiyín.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Thread 5 (thread kan dúró fún oníṣe kan), ó ń fò. Thread 50, kò sí ìjà. Mo gbé e dé 200 báyìí, pupa bo ojú View Results Tree, ibi tí JMeter ti ń fi èsì hàn: "FATAL: sorry, too many clients already", ìyẹn ni pé kọnẹ́ṣọ̀n ti pọ̀ jù. Ẹ má rò pé pásíwọ́ọ̀dù ni o, torí àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ò wọlé, tó bá jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù ni, ìkankan ò ní wọlé nínú wọn.

Max Number of Connections ló wà nídìí ẹ̀. 0 ló máa ń wà níbẹ̀ látilẹ̀, tó bá sì ti jẹ́ 0, thread kọ̀ọ̀kan á ní pool (àkójọ kọnẹ́ṣọ̀n tó wà ní ṣíṣí) tiẹ̀ pẹ̀lú kọnẹ́ṣọ̀n kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Thread 200, kọnẹ́ṣọ̀n 200 nìyẹn. Ẹ wá wo PostgreSQL, max_connections ẹ̀ 100 ni téèyàn ò bá fọwọ́ kàn án, ó tún yọ 3 sọ́tọ̀ fún superuser (ọ̀gá dátábéèsì), ó ku 97 fún àwa mẹ̀kúnnù, pgAdmin tí mo ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi wo dátábéèsì sì tún ń jẹ nínú 97 yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ka pg_stat_activity, ibi tí PostgreSQL ti ń to àwọn kọnẹ́ṣọ̀n tó wà lórí ẹ̀, nígbà tí tẹ́ẹ̀sì ń lọ lọ́wọ́.

Mo kọ́kọ́ ní kí n gbé max_connections lọ sí 300 kí n tún sẹ́fà bẹ̀rẹ̀, kó parí síbẹ̀. Àmọ́ odidi process kan ni PostgreSQL ń dá sílẹ̀ fún kọnẹ́ṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, orí kọ̀ǹpútà kan náà sì ni JMeter àti dátábéèsì ti ń jà du mẹ́mọ́rì. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, mo fi pool sí 20, kí thread 200 máa pín in lò.

Too many clients lọ lóòótọ́, òmíràn bá tún yọjú: "Cannot get a connection, pool error Timeout waiting for idle object". Èyí ò tiẹ̀ ṣe gbogbo wọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ, níbí, lọ́hùn-ún, ìyẹn ló sì dùn mí jù torí kò ṣeé mú. Mo tẹ ọ̀kan nínú àwọn tó yege, mo ka Sampler result ẹ̀: Load time (gbogbo àkókò ẹ̀) 9870 mílísẹ́kọ́ńdì, Connect Time (àkókò tó fi gba kọnẹ́ṣọ̀n) 8820. Ẹ gbọ́ o! Query fúnra ẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì kan lọ, gbogbo ìyókù, thread yẹn kàn dúró síta ni, ó ń retí kí kọnẹ́ṣọ̀n kan ṣófo. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 200 pín sí 20, thread 10 lórí kọnẹ́ṣọ̀n kan, ẹni tó bá kẹ́yìn á dúró bíi sẹ́kọ́ńdì 9, Max Wait, ìyẹn bí thread ṣe lè dúró pẹ́ tó, sì jẹ́ 10000 mílísẹ́kọ́ńdì, query kan ṣá ti fà díẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ti kọjá 10 nìyẹn, pupa dé. Téèyàn bá gbé Max Wait sí 30000, pupa á lọ o, ṣùgbọ́n ìdúró ọ̀hún ò lọ ibì kankan, inú Average (ìpíndọ́gba àkókò) ló máa sá pamọ́ sí, èèyàn á wá máa bú dátábéèsì.

Àwọn tó ní kí n yé fi GUI (ojú JMeter tí à ń tẹ̀) ṣe tẹ́ẹ̀sì ńlá, mo gbọ́, jmeter -n, tí kò ní GUI, ni màá fi ṣe èyí tí mo bá fẹ́ gba nọ́ńbà ẹ̀ gbọ́.

Mo ń kọ èyí lọ́wọ́ ni mo lọ wo ápù àkójọ ìwé náà fúnra ẹ̀, HikariCP, tó ń bá ápù bójú tó pool tiẹ̀, ló wà nínú ẹ̀, maximumPoolSize ẹ̀ sì jẹ́ 10 téèyàn ò bá yí i padà. Kí wá ni mo ń fi thread 200 wá dátábéèsì tààrà sí, nígbà tí ápù ò lè rán ju 10 lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Ètò ti yí padà nìyẹn. HTTP Request ni èrò 200 yẹn máa gbà kọjá, lọ́dọ̀ ápù. JDBC Request á wà ní thread 10, Max Number of Connections 0, fún query nìkan. Mo ti dán ìyẹn wò, Connect Time fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ sí òdo, àfi ìgbà àkọ́kọ́ tí thread kọ̀ọ̀kan ń ṣí kọnẹ́ṣọ̀n tiẹ̀.

Sẹ́kọ́ńdì kan tí query ń jẹ ló wá kù báyìí. LIKE tó ní % níwájú (kó lè wá ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àkọlé) ni mo fi ń wá àkọlé ìwé, index (atọ́ka tó ń mú wíwá yá) B-tree lásán ò sì lè ran ìyẹn lọ́wọ́. pg_trgm (àfikún PostgreSQL tó ń gé ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta) pẹ̀lú GIN, irú index mìíràn, ló kàn, nọ́ńbà tó bá mú jáde ni màá gbé wá.