Kì í ṣe òùngbẹ ni ó ń pa koríko mi

Ní ìgbà ooru ọdún 2023, tí ó jẹ́ èyí tí ó gbóná jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ìdá kan nínú mẹ́rin koríko iwájú ilé mi kú mọ́ mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ alaalẹ́ ni mo ń bomi rin ín. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní agbègbè wa, nítorí pé láti ìgbà náà ni mo ti ń rí irú rẹ̀ níwájú ilé àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn, ó sì ń dùn mí.

Nínú àgbàlá tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ tí a bá fi ìgbálẹ̀ gbá mọ́ ni ilẹ̀ tí ó dára. Koríko tí ó bá yọrí níbẹ̀, ọkọ́ ni a ó fi hú u, kí ejò má baà rí ibi sá sí. N kò mọ̀ rárá pé koríko ní ìtọ́jú kan tí ó ju kí a gé e lọ. Èyí tí ó wà níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Houston ni wọ́n ń pè ní St. Augustine: ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń rá lórí ilẹ̀ bí ìtàkùn ọ̀dùnkún. Koríko náà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ooru. Ilẹ̀ amọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó le, nítorí pé bí ó bá gbẹ, ńṣe ni yóò máa là, bí a bá sì da omi púpọ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ojú títì ni omi ọ̀hún yóò ṣàn lọ.

Ìṣẹ́jú 10 ni mo máa ń tan omi ní alaalẹ́. Nígbà tí mo wá ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọlẹ̀ láti wò ó, irin náà kò wọlẹ̀ ju ìka kan lọ kí ó tó kan ibi gbígbẹ, ìyẹn ni pé òkè téńté ni gbogbo gbòǹgbò dúró sí, níbi tí oòrùn ti ń yan wọ́n. Nǹkan bí íǹṣì omi kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó fún koríko yìí, a ó sì ka òjò tí ó bá rọ̀ mọ́ ọn. Láti mọ iye tí ẹ̀rọ ìfọ́nmi mi ń dà jáde, mo to agolo ẹja mẹ́fà káàkiri orí koríko, mo tan omi fún ìṣẹ́jú 15, mo sì fi rúlà wọn èyí tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agolo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ìdajì, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò ju kí ìdí rẹ̀ tutù lọ. Nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń bomi rin ín, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó là, nítorí pé ewé tí ó bá fi omi sùn láti ìrọ̀lẹ́ kì í pẹ́ kó àrùn. Mo máa ń tan omi díẹ̀, n ó pa á fún bí ìdajì wákàtí kí amọ̀ lè fa ti àkọ́kọ́ mu, n ó sì tún tan án. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: bí ojú ẹsẹ̀ yín bá dúró síbẹ̀, tí ewé náà sì ká bí ìwé tí a ṣẹ́ po, omi ló ń wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òùngbẹ ni ó pa tèmi. Ẹ̀bá ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ni ó ti kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, mo sì ń fi omi kún omi, títí ẹ̀gbọ́n kan tí iṣẹ́ ìtọ́jú koríko ń bọ́ fi yà kí wa lọ́jọ́ Sunday kan. Ó dúró, ó wò ó, ó ní, "Àbúrò, ẹ̀ẹ̀melòó lo ń bomi rin eléyìí lọ́sẹ̀?"

Mo ní, "Alaalẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Omi kan náà lò ń fọ́n sí gbogbo rẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kọnkéré nìkan ni òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́?"

Ó ní kí n mú agolo tòmátò ńlá kan wá, kí n gé ìdí àti orí rẹ̀ kúrò. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní ààlà ibi tí ó pọ́n àti ibi tí ó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó da omi kún un, bí omi sì ti ń fà ni ó ń bù sí i. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tí àwọn kòkòrò kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Àwọn àgbà wọn dúdú, wọ́n ká ìyẹ́ funfun lé ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ wọn pupa, wọ́n ní ìlà funfun kan tí ó gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Chinch bug ni orúkọ wọn. Oje koríko ni wọ́n ń fà mu, ibi tí oòrùn àti kọnkéré bá sì ti jọ ń gbóná ni wọ́n fẹ́ràn jù. Koríko tí òùngbẹ ń gbẹ yóò jí bí ó bá rí omi, èyí tí wọ́n bá ti fà gbẹ kì í jí mọ́. Oògùn tí a bá kọ orúkọ wọn sí lára ni kí ẹ rà, kí ẹ ka ìlànà rẹ̀ tán, kí ẹ sì fi í dé ara koríko tútù tí ó yí ibi tí ó kú ká, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́.

Ní ti gígé, ẹ jẹ́ kí ó ga tó íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà ooru kí ó lè ṣíji bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì pọ́n abẹ ẹ̀rọ náà, nítorí pé abẹ tí ó kú ń fa ewé ya ni. Èyí tí ẹ gé, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó jẹrà. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró nígbà tí ooru bá le jù lọ: ewé ọ̀dọ́ tí ó ń mú jáde ni kòkòrò àti àrùn fẹ́ràn. Oògùn apakoríko náà, ẹ wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sí ara ìgò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò jó St. Augustine bí ooru bá ti kọjá Fahrenheit 90.

Nígbà tí ooru rọlẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, mo hú èyí tí ó kú, mo gbin ègé koríko tútù pẹ̀lú amọ̀ ìdí rẹ̀ sí ibẹ̀, mo sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì títí ó fi ta gbòǹgbò. Ìtàkùn rẹ̀ ti rá bo gbogbo ibẹ̀ báyìí. Agolo tòmátò náà ṣì wà nínú gáréèjì mi, bí oṣù kẹfà bá sì ti dé ni mo máa ń gbé e lọ sí ẹ̀bá kọnkéré, kí ewé kankan tó pọ́n.