Lẹ́tà Ìgbaṣẹ́ Yín Dà?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ta ilé iṣẹ́ yín, wọ́n ní ẹ ti ń ṣírò owó tí wọ́n máa san fún yín. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Àkọ́kọ́: abala 20 nínú òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì gbìyànjú láti bá wọn dúnàá-dúrà lórí owó tó máa san. Kò dá iye kankan. Inú àdéhùn tí ẹgbẹ́ yín bọwọ́ lù ni kẹ́ ẹ ti wá iye, kì í ṣe lẹ́nu alága.

Èkejì: ìwé. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ tiwa pa, fáìlì òṣìṣẹ́ àti bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà, ọ̀kan náà ni lójú àwọn tó gba kọ́kọ́rọ́. Òjò rẹ ìdajì, eku jẹ ìyókù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ dé ibi àyẹ̀wò ìwé kí wọ́n tó san owó wa, orúkọ bàbá wọn ló ṣíwájú nínú lẹ́tà ìgbaṣẹ́, tiwọn ló ṣíwájú ní báńkì. Ọmọ kan nídìí kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n lọ búra ní kóòtù. Wọ́n búra. Wọ́n padà dé, ó ní lẹ́tà ìgbéga ńkọ́? Ó wà nínú fáìlì. Fáìlì wo? Wọ́n kú kówó tó jáde. Ìyàwó wọn lọ gbà á, orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí òun náà ti dolóògbé, ló bá níbẹ̀ pé kó gba owó. Ọ̀gá kọ ọ́ kí wọ́n tó gbéyàwó, wọn ò sì yí i padà. Ìyá yẹn ṣì ń lọ, ó ń bọ̀.

Èmi ńkọ́? Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń kó payslip jọ. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, àwọn kan náà ló ń wá mi kiri pé kí n yá àwọn ní ìwé tí ọjọ́ ìgbéga wa wà.

Ẹ sì má rò pé owó ń yá. Ọdún 2003 ni ìjọba Ọbásanjọ́ pa Nigeria Airways, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ìjọba. Ó di 2018 kí ìjọba Bùhárí tó fọwọ́ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 22.7 náírà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìdajì gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n ni. Ẹni ọdún 55 ti di 70.

Mo láwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi. Lọ́la, ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú fáìlì yín, kẹ́ ẹ wo orúkọ ẹni tẹ́ ẹ kọ pé kó gba owó yín tí ẹ ò bá sí. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé, ẹ jókòó tì wọ́n síbẹ̀.