Lẹ́tà àárọ̀ tí Àlájà kì í kà

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Iléyá pé ni ètò ìtajà tí mo ń bójú tó fún Àlájà dákẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ń tẹ fóònù, fóònù ò dá wọn lóhùn. Ìrẹsì ń jáde, òróró ń jáde, tòmátì alágolo ń jáde, kò sí èyí tó wọnú ìwé. Nígbà tí mo wọ sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ètò náà dání ní Paris, ìlà kan ṣoṣo ló ń tún kọ: No space left on device. Dísíìkì 20 GB ti kún bámúbámú. Fáìlì lọ́ọ̀gì kan, ibi tí ètò ń kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sí, ló dá jẹ 14 nínú rẹ̀.

Mo gbọn lọ́ọ̀gì náà dànù, iṣẹ́ padà. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ara páálí tòmátì ni wọ́n ti kọ ọjà wákàtí méjì sí, èmi náà ni mo sì jókòó tẹ gbogbo rẹ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, páálí lórí itan.

Ohun tó dùn mí ni pé sáfà yẹn ti sọ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo ṣètò rẹ̀ kó máa fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti Àlájà láràárọ̀. Ìlà méjìlélọ́gọ́ta ni. Ìlà kọkànlélógójì ló ń sọ bí dísíìkì ṣe kún tó: 71%, ó di 78%, ó di 86%, ó di 93%. Mo tilẹ̀ ti pàṣẹ fún Gmail pé kó máa kó o sínú àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà dí mi lọ́wọ́.

Àlájà pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Lẹ́tà tí ò ń kọ láràárọ̀ yẹn, ta lo ń kọ ọ́ sí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi kọ́. Èmi ò bi ọ́ léèrè ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ lóru. Ṣé ọjà ń lọ àbí kò lọ, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Mo tún un kọ. Ní báyìí, àkọlé ìmeèlì ló ń jíṣẹ́, kò pọn dandan kéèyàn ṣí i. Bí nǹkan bá dára, "Dáadáa" ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dára, "Wàhálà" ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo yọ ìdá ọgọ́rùn-ún kúrò lọ́rọ̀ dísíìkì pátápátá. 93% ò sọ nǹkan kan fún Àlájà, kò sì sọ nǹkan kan fún èmi náà, bí ẹ ti rí i. Ètò náà á wo bí dísíìkì ṣe ń kún láti ọjọ́ méje sẹ́yìn, á wá sọ ní ìlà kìíní pé, "Ó ku ọjọ́ 11 kó kún." Ọjọ́ mọ́kànlá yé ẹni tó ń ra ìrẹsì láwìn.

Ìlà kejì wà fún ẹ̀dà tí a ń fi pamọ́ lóru: ìgbà tó parí, bó ṣe tóbi tó, àti bí ti àná ṣe tóbi tó. Ẹ má fi bó ṣe tóbi sílẹ̀ o, nítorí fáìlì òfìfo náà máa ń sọ pé òun ti parí. Ìlà kẹta ni iye ọjọ́ tó kù fún ìwé-ẹ̀rí HTTPS, èyí tó ń jẹ́rìí sí ìkànnì wa. Ọjọ́ 90 ni ti Let's Encrypt, àwọn tó ń fún wa ní i lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi ìmeèlì rán wa létí, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá a dúró láti ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2025, kálukú ló ń ka ọjọ́ tirẹ̀. Ìlà kẹrin ni iye owó tí sáfà ti jẹ lóṣù náà. Èyí nìkan ni Àlájà máa ń ṣí ìmeèlì nítorí rẹ̀. Ìjábọ̀ gígùn ò wá mọ́ àfi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi nìkan ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí.

Ní ti ọ̀nà tí ìmeèlì ń gbà: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ cloud, àwọn tó ń fi sáfà háyà, ló ti port 25 pa, ojú ọ̀nà tí sáfà fi ń fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí ara wọn, nítorí náà ẹ gba ọwọ́ iṣẹ́ ìfìmeèlì-ránṣẹ́ kan lórí port 587, kí ẹ sì fi SPF àti DKIM, àwọn àmì tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ yín ni ìmeèlì ti wá, sínú DNS (àkọsílẹ̀ orúkọ ìkànnì) yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú spam ni yóò máa sùn.

Àmì ohùn ló fún mi ní ẹ̀rín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "DÃ¡adÃ¡a" ni Àlájà rí. Ó fi fóònù hàn mí, ó ní, "Faransé náà kọ́ rè é." Àṣẹ mail tí mo lò ló da UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà tó ní àmì, sínú àkọlé láìdì í bí ìmeèlì ṣe ń fẹ́. Mo kọ ọ́ padà ní èdè kọ̀ǹpútà Python pẹ̀lú EmailMessage, irinṣẹ́ ìmeèlì inú rẹ̀, òun ló ń bá wa dì í báyìí.

Aago wá ń kọ́? 0 6 * * * ni mo kọ sínú cron, ohun tó ń bá sáfà ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí a dá fún un: aago mẹ́fà àárọ̀ nìyẹn. Oṣù kìíní ni mo kọ ọ́, aago Paris ni sáfà ń lò, gbogbo rẹ̀ sì bá tiwa mu ní Àjàṣẹ́. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹta, Faransé fa aago wọn síwájú, àwa kì í fa tiwa, ìjábọ̀ bá ń dé ní aago márùn-ún. Àlájà ní, "Lẹ́tà rẹ ti ń ṣáájú ládàánì jí." Mo wo inú àkójọ àgbègbè aago tí Linux tó wà lórí sáfà ní, mo bá Africa/Porto-Novo níbẹ̀, orúkọ ìlú wa gan-an! Mo fi àṣẹ timedatectl set-timezone yí aago sáfà sí i, mo sì tún cron tàn, nítorí aago àtijọ́ ló máa ń dì mú títí ẹ ó fi tún un tàn.

Ohun kan wà tí ìjábọ̀ inú sáfà ò lè rí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì di ségesège káàkiri Bẹ̀nẹ̀. Ara sáfà tó wà ní Paris le koko, "Dáadáa" ló ń kọ, kò sì sí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ l'Ouando. Láti ìgbà yẹn, fóònù àtijọ́ kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ń kan ilẹ̀kùn sáfà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Bí ìjábọ̀ ò bá wá wá rárá ńkọ́? Mo fi curl kan, àṣẹ tó ń kan ìkànnì, sí ìdí ètò náà, lẹ́yìn &&, kó kan Healthchecks.io, ìkànnì tó ń ṣọ́ bóyá iṣẹ́ wáyé, lẹ́yìn tí ìmeèlì bá ti lọ. Bí wọn ò bá gbúròó rẹ̀ lásìkò, wọ́n á fi Telegram pè mí. Wákàtí kan ni mo fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yí ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé ìmeèlì padà, mo gbàgbé láti fi tuntun sínú ètò náà. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, Àlájà ló wà lórí fóònù: "Mi ò rí 'Dáadáa' òní."

Mo ti dín wákàtí kan yẹn kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.